ẸNU-Ọ̀NÀ ÌṢẸ́GUN ÀTI Ọ̀PÁ FÌTÍLÀ



Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Aswani dé Tafawa Balewa Square ní Erékùṣù Èkó yóò rí ẹṣin funfun mẹ́rin àti idì pupa méje lókè ẹnu-ọ̀nà. Ọdún 1972 ni ìjọba kọ́ ọ sí pápá eré ẹṣin àtijọ́, níbi tí a ti gba òmìnira ní 1960. Sà Abubakar, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, ni wọ́n gbé ìwé òmìnira lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ọdún mẹ́fà tó pé, wọ́n ti pa á.

Àwọn ará Róòmù ló mọ àṣà ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun jù. Ọ̀kan ṣì dúró níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run wà lára rẹ̀. Ti Titus ni, tó kó Jerúsálẹ́mù lógun ní ọdún 70, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dáná sun Tẹ́ńpìlì. (Jésù ti sunkún lórí ìlú náà ṣáájú, ẹ ka Lúùkù 19.) Titus kú ní ọdún 81. Domitian àbúrò rẹ̀ ló parí ẹnu-ọ̀nà náà, òkúta gíga tó nǹkan bíi mítà 15. Ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún kò fojú rí i. Ẹ gbọ́ o!

Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ wo ara ògiri: àwọn ọmọ ogun gbé ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje lé èjìká, pẹ̀lú tábìlì àkàrà ìfihàn àti fèrè fàdákà. Fìtílà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pàṣẹ fún Mósè! Àwọn àlùfáà kò yé tàn án, síbẹ̀ ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ ẹ́. Àwa tí à ń tan àbẹ́là méje lórí pẹpẹ, àbí a rò pé àbẹ́là ni yóò ṣọ́ wa? Nínú Ìfihàn 2, Olúwa kìlọ̀ fún ìjọ Éfésù pé òun lè ṣí ọ̀pá fìtílà wọn nípò. Iná wọn kò kú o. Ìfẹ́ wọn ló tutù. Ará méjì tí kò kí ara wọn láti ìkórè èṣí, tí wọ́n sì jọ ń jó wá síwájú pẹpẹ, kí ni wọ́n ń tàn?

Fìtílà wúrà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn Júù kì í fẹ́ gba abẹ́ ẹnu-ọ̀nà náà kọjá, nítorí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ní 1949, nígbà tí Ísírẹ́lì yan àmì ìjọba wọn, fìtílà tí Róòmù gbẹ́ sára òkúta láti fi wọ́n ṣẹ̀sín gan-an ni wọ́n mú.