Ǹjẹ́ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Tó Parí Ogun?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí kóòtù, níbi tí a ti ń fi ẹnu lásán jà, bá lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́ títí ayé, kí ni kí á wá sọ nípa ojú ogun, níbi tí a ti ń fi ìbọn jà? Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, lẹ́yìn ogun tí ó gba ọgbọ̀n oṣù, ohun tí ó lòdì sí òwe yìí gan-an ni olórí ìjọba ológun ilẹ̀ Nàìjíríà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, kéde fún gbogbo ayé: pé nínú ogun náà, kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ó ti wù kí ó dùn tó, tó láti parí ogun? Bí kò bá tó, kí ni ó yẹ kí á fi kún un?

Kí á tó ka ọ̀rọ̀ náà sí asán, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun ń parí lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun ni ó ń bẹ̀rù pé bí àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ bá ti wọ àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ìgbò tán, ìpakúpa ni yóò tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba kò gbé ilé ẹjọ́ kankan kalẹ̀ láti dá ẹjọ́ ikú fún àwọn aṣáájú Biafra. Yunifásítì Nsukka ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ padà ní ọdún 1970 kan náà. A gba ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba padà sẹ́nu iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó padà sí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1973, a dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, kí ọmọ Ọ̀yọ́ lè sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Enugu, kí ọmọ Enugu sì lè sìn ín ní Sókótó. Ní ọdún 1979, nígbà tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ìbọn dákẹ́, Alex Ekwueme, ọmọ Ìgbò, di igbákejì ààrẹ. Nígbà tí ó sì di ọdún 1982, Ààrẹ Shehu Shagari dárí ji Ojukwu fúnra rẹ̀, ó sì padà wálé. Nǹkan wọ̀nyí kò kéré. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ rere ọdún 1970 sì yọ obì.

Ṣùgbọ́n obì kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó. Ẹni tí ó ti ojú ogun dé, tí kò ní ilé, tí kò ní owó, tí ó sì ti sin ọmọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, yóò ní ohun mìíràn láti béèrè lẹ́yìn tí ó bá jẹ obì tán. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìṣèlú, tí ó di ọ̀ràn ìwà.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ pààrọ̀ owó ilẹ̀ wa. Biafra náà tẹ owó tirẹ̀ jáde. Nígbà tí ogun parí, owó Biafra di ìwé lásán. Ìlànà tí ìjọba gbé kalẹ̀, ní àkókò tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìṣúná, ni pé £20 péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà, iye yòówù kí ó mú wá. Àríyànjiyàn lórí ìlànà yìí kò tíì tán títí di òní. Àwọn tí ó gbè é lẹ́yìn ní kò sí ẹni tí ó lè díwọ̀n iye tí owó Biafra tó. Àwọn tí ó lòdì sí i ní ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ní owó gidi ní bánkì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, £20 yìí náà sì ni wọ́n rí gbà. Èmi kò fẹ́ ṣe adájọ́ láàárín wọn níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1972, ìjọba ṣe òfin tí ó fa ọ̀pọ̀ òwò àti iléeṣẹ́ àwọn àjèjì lé àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní owó ni ó lè rà nínú wọn. Ta ni yóò fi £20 ra iléeṣẹ́? Òfin náà kò yọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀; lójú òfin, ọgbọọgba ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán wá bá ẹni tí ara rẹ̀ le sáré, tí a ní ojú ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì kúkú ti gbéra, irú ọgbọọgba wo nìyẹn? Àwa Yorùbá wà lára àwọn tí ó jàǹfààní òfin yìí. Kò yẹ kí á fojú fo èyí dá.

Ọ̀rọ̀ ilé tún díjú ju ti owó lọ. Nígbà tí àwọn Ìgbò sá padà sí ilẹ̀ wọn, wọ́n fi ilé sílẹ̀ káàkiri. Ní Èkó, àti ní àwọn ìlú kan ní Òkè Ọya, ọ̀pọ̀ wọn padà bá ilé wọn. A tilẹ̀ rí lára wọn tí ó bá owó ilé tí àwọn mìíràn ti bá a gbà pamọ́. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ó sì yẹ kí á máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ní Port Harcourt, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe ilé àwọn tí ó sá lọ ní dúkìá tí a pa tì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà ni kò sì padà sọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ wọn. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa: ẹni tí ó sá fún ikú, ṣé ó pa ilé rẹ̀ tì ni? Síbẹ̀, àwọn ará Rivers náà ní ẹjọ́ rò. Wọ́n ní àwọn ni ó ni ilẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ọwọ́ rọ́ àwọn sẹ́yìn lábẹ́ ìjọba Ìlà-Oòrùn, àti pé ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ní ọdún 1967 ni ó sọ àwọn di ẹni tí ń dá ohùn tirẹ̀ sọ. Ìyà tí ó jẹ ẹnì kan kò sọ ìyà tí ó jẹ ẹnìkejì di irọ́. Ohun tí ó ṣòro jù lọ lẹ́yìn ogun nìyí: ẹ̀tọ́ méjì lè pàdé lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ó pàdánù nìkan ni ìyọnu ogun ń dúró sí. Àwọn ọmọ-ogun wa tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ti tó nǹkan bí 250,000 nígbà tí ó parí. Ìbọn tàn ká ìgboro. Ní ọdún 1970, òfin sọ ikú di ìyà adigunjalè; ní ọdún 1971, a bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa wọ́n ní gbangba ní Bar Beach, ní Èkó, tí èrò sì ń lọ wòran. Orílẹ̀-èdè tí kò ní aṣẹ́gun ń bá àṣà ogun lọ nínú ilé ara rẹ̀.

Níbi tí a dé yìí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi. Ojú méjì ni gbólóhùn Gowon ní. Lójú ẹni tí ó pàdánù, ìtùnú ni: a kò ní fi ọ́ ṣe ẹrú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó borí, ó lè di ibi ìsápamọ́sí. Bí kò bá sí aṣẹ́gun, ta ni yóò san gbèsè? Ní Asaba, ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin lára àwọn ará ìlú tí ó fi orin àti ijó jáde wá kí wọn káàbọ̀. Ọdún 2002 ni Gowon tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Asaba. Bákan náà, bí kò bá sí ẹni tí a ṣẹ́gun, ta ni yóò bi àwọn aṣáájú Biafra léèrè nípa ìyà tí ó jẹ àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ó wà lábẹ́ wọn, tàbí ìdí tí wọ́n fi ń bá ogun lọ nígbà tí ebi ti ń pa àwọn ọmọdé kú? Ta ni yóò sì dáhùn fún ẹ̀mí àwọn Ìgbò tí a pa ní Òkè Ọya ní ọdún 1966, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá? Gbólóhùn tí ó dá ìjà dúró tún dá ìbéèrè dúró. Ohun tí a fi bo egbò ti bo ọyún mọ́ inú rẹ̀.

Àwọn baba wa kì í parí ìjà báyìí. Bí àgbà bá ń làjà, kì í kàn sọ pé ó ti parí. Yóò jẹ́ kí oníkálukú ro ẹjọ́ tirẹ̀ tán. Yóò sọ fún ẹni tí ó jẹ̀bi pé ó jẹ̀bi. Yóò sì fi ibi tí ẹni tí ó jàre ti ṣe àṣejù hàn án. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹnì kan yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò tó pa obì. Obì ni ó ń kẹ́yìn. Òun kọ́ ni ó ń ṣíwájú.

Níbi tí àwa fúnra wa kò ti tẹ̀ lé ìlànà yìí, a rí àbájáde rẹ̀. Ogun Kírìjí bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ní ọdún 1877. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1893 ni wọ́n tó tú ibùdó ogun ká. Nínú àdéhùn náà ni a ti ní kí àwọn ará Mọ̀dákẹ́kẹ́, tí ogun ti lé wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kúrò lórí ilẹ̀ Ifẹ̀. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò fi ọkàn ẹni tí ó ni ilẹ̀ balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọkàn ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ náà balẹ̀. A tú ìlú náà ká ní ọdún 1909. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tún padà wá. Ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1981, ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1997. Ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé lẹ́yìn tí a tọwọ́ bọ̀wé, àwọn ọmọ bàbá kan náà ṣì ń dáná sun ilé ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ tí ìwé sọ pé ó ti parí.

Ẹnì kan lè sọ pé, 'Ẹ fi ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tú ilẹ̀ yóò rí ejò.' Èsì mi ni pé ejò tí a kò tú kò kúrò níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi orúkọ Biafra ṣe àsíá láti ọdún 1999 wá, ọ̀pọ̀ wọn ni a kò tíì bí nígbà ogun. Ẹlòmíràn lè ní, 'Èmi kò yìnbọn, n kò gba ilé ẹnikẹ́ni. Kí ni ó kàn mí?' Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ààbọ̀ òtítọ́ ni. Ẹ̀bi kì í ṣe ohun àjogúnbá: a kò gbọdọ̀ pe ọmọ ní apànìyàn nítorí baba rẹ̀. Gbèsè ni à ń jogún. Ọmọ tí ó bá gba oko baba rẹ̀, tí ó ní òun kò mọ̀ nípa owó tí baba yá fi dá oko náà, kò sí àgbà tí yóò dá a láre.

Ọ̀nà wo wá ni a lè gbà san irú gbèsè yìí? Kì í ṣe owó ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí ó ṣe é àti àwọn tí a ṣe é sí, púpọ̀ wọn ti kú. Àtúnṣe tí ó pẹ́ sàn ju èyí tí kò wáyé lọ. Ní ọdún 2000, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ogun, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí òun náà jẹ́ ọ̀gágun nínú ogun yẹn, sọ ìléníṣẹ́ àwọn ológun tí ó bá Biafra jà di ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀tọ́ kékeré ni, ó sì pẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ lè dì mú ni. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa, tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1999, fetí sí ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí a ṣẹ̀, ó sì fi àbọ̀ jíṣẹ́ ní ọdún 2002. Ìjọba kò tẹ àbọ̀ náà jáde fún aráàlú. A pe àwọn ènìyàn láti ro ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì wọ inú àpótí lọ.

Èyí tí ó kan àwa olùkọ́ ni ìmọ̀. Fún ọdún mélòó kan, kí ìjọba tó ní kí ó padà, a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ kúrò nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí kò bá gbọ́ ìtàn ogun ní kíláàsì yóò gbọ́ ọ ní ìdí mọ́tò, láti ẹnu ẹni tí inú ń bí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá bi yín bóyá ìdáríjì ṣeé ṣe láìsí àtúnṣe, ẹ má ṣe yára gbè sẹ́yìn ẹ̀yà kankan. Ẹ ya ìdáríjì sọ́tọ̀ kúrò lára ìlàjà. Ẹnì kan ṣoṣo lè dárí jini nínú yàrá rẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó ń bá ara wọn làjà, ohun kan sì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkejì: owó ni o, ilé ni o, tàbí òtítọ́ tí a ti ń fi pamọ́.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó láti dá ìbọn dúró, ṣùgbọ́n kò tó láti parí ogun. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni ti gba gbèsè sọ́rùn ni: kí ó má ṣe di ohun tí ogun fi lé e lọ́wọ́ mú. Nígbà tí ó bá dá a padà, kí ó wá mú obì wá.