Ìmọ̀ Kò Sọ Tẹ́tẹ́ Di Òwò

Ìwáàsù Jímọ̀: Abala Kìíní

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó dá ènìyàn, tó fún un ní làákàyè, tó sì la ọ̀nà arísìkí tó mọ́ sílẹ̀ fún un. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ohun tí a ń jẹ, ohun tí a ń mu, àti ohun tí a fi ń bọ́ àwọn ọmọ wa.

Gbogbo wa la mọ tẹ́tẹ́ tó wà ní gbangba. A mọ lọ́tìrì tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀bú. A mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí a ń rí láti Ọjọ́ta títí dé Kétu, Ìkòsí àti Máìlì 12. Kò sí Mùsùlùmí tó ń bi àlùfáà léèrè bóyá ìwọ̀nyẹn tọ́ tàbí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó wọ aṣọ ìmọ̀ wọlé. Pókà ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń ta á lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yóò sọ fún wa pé: "Àlùfáà, ẹ má pe èyí ní tẹ́tẹ́. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni. Mo ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ọpọlọ ni." Ìbéèrè yìí yẹ kí a dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, nítorí kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń bi í.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí ó ti rí, kí a má baà dájọ́ ohun tí a kò mọ̀. Káàdì 52 ni wọ́n fi ń ta á. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, oníkálukú yóò gba káàdì 2 tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ rí. Ọ̀nà 1,326 ni káàdì 2 yìí lè gbà bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́. Wọn yóò ṣí káàdì 5 sí àárín tábìlì, wọn yóò sì máa fi owó lé owó. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá le jù ni yóò kó owó náà, tàbí ẹni tó halẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù fi jọ̀wọ́ tiwọn. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́ yóò mú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò bá ara rẹ̀ ta á ní àìmọye ìgbà, títí yóò fi rí ọ̀nà tí alátakò kankan kò ti ní rí i rẹ́ jẹ. Yóò wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé nínú ìgbà 100, ìgbà báyìí ni kí o fi owó kún un, ìgbà báyìí ni kí o jáwọ́, ìgbà báyìí ni kí o fi ọwọ́ òfo halẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan.

A gbà pé ìmọ̀ ni èyí. Ìṣirò tó jinlẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ pé oríire nìkan ló wà níbẹ̀ kò ṣe òdodo sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ léèrè: níbo ni èrè rẹ̀ ti ń wá?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìṣirò ọ̀hún. Bí ènìyàn 2 bá ta pókà ní àtapé, gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ti là á sílẹ̀, bó pẹ́ bó yá, kò sí ẹni tí yóò jèrè lára ẹnìkejì. Ilé iṣẹ́ tó ni tábìlì, tó ń yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó tí wọ́n dá jọ, ni yóò máa jẹ. Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ni èrè ti lè wá fún ọ̀jáfáfá: àṣìṣe ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi wá tábìlì tí àwọn ọlọ́gbọ́n jókòó sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: wọ́n ń pè é ní ẹja. Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ará wa! Ọmọ ènìyàn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sọ di ẹja. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì pé, àfi bí ó bá ń fẹ́ fún ọmọ ìyá rẹ̀ ohun tí ó ń fẹ́ fún ara rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ọjà Máìlì 12 tó wà lẹ́bàá wa. Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà ń ti Òkè Ọya wá. Àgbẹ̀ gba owó oko rẹ̀, awakọ̀ gba owó ọkọ̀, alábàárù gba owó ẹrù, ìyá tó ń tà á jèrè tirẹ̀, ẹni tó rà á sì gbé ọbẹ̀ kaná. Gbogbo wọn ló mú nǹkan lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 5 bá jókòó ti pókà, tí oníkálukú gbé ₦100,000 kalẹ̀, ₦500,000 náà ni. Bí wọ́n ta á di òwúrọ̀, ẹyọ tòmátì kan kò kún ohun tó wà láyé. Owó náà á kàn ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, yóò sì dín ní iye tí onílé tẹ́tẹ́ yọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ewu wà nínú òwò náà, pé tòmátì a máa jẹrà lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewu ọjà bá ọjà wá ni, oníṣòwò kì í sì í gbàdúrà fún un. Ewu tẹ́tẹ́, àwọn tó ń ta á ló fi ọwọ́ ara wọn dá a sílẹ̀, ìpàdánù ẹnìkan sì ni oúnjẹ ẹnìkejì. Ìdí nìyí tí Ọlọ́hun, nínú Súrátù Nisáì, āyà 29, fi kọ̀ fún wa láti máa jẹ dúkìá ara wa lọ́nà èké, tó sì yọ òwò tí a jọ fọwọ́ sí sọ́tọ̀. Nínú Súrátù Máídà, āyà 90 àti 91, Ó ka tẹ́tẹ́ mọ́ ọtí àti òrìṣà, Ó sì fi hàn wá pé èṣù ń fi í gbin ọ̀tá sáàárín wa, ó sì ń fi í mú wa gbàgbé ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun. Ẹni tó ń ta pókà di òru, mélòó nínú ìrun àsùbá ló ń bá jáàmù?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun yóò fi èrè rẹ̀ ṣe sàráà. Tẹ́tẹ́ àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan pàápàá, ràkúnmí ni wọ́n ń pa, wọ́n á fi ọfà pín in, àwọn tó bá jẹ á sì máa fi ẹran náà tọrẹ fún àwọn aláìní. Síbẹ̀, Ọlọ́hun kọ̀ ọ́. Nínú Súrátù Bákárà, āyà 219, Ó gbà pé àǹfààní wà nínú rẹ̀, Ó sì jẹ́ kó yé wa pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tóbi ju àǹfààní náà lọ.

Ẹ̀sìn wa kò bá ọgbọ́n jà. Ànábì fi àyè gba ẹ̀bùn nínú eré ìje ẹṣin àti ràkúnmí àti nínú ọfà títa. Ohun tí a kọ̀ ni kí a fi ọgbọ́n gba owó ẹlẹgbẹ́ ẹni láìfún un ní nǹkan kan.

A tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni.

Abala Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀jáfáfá 4 jókòó bá ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Libratus ta pókà fún 20 ọjọ́. Tuomas Sandholm àti Noam Brown ti Yunifásítì Carnegie Mellon ló ṣe ẹ̀rọ náà. Ìgbà 120,000 ni wọ́n pín káàdì. Lálaalẹ́ ni àwọn ọ̀jáfáfá wọ̀nyí ń pàdé láti yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ wò. Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.7 dọ́là owó ìdíje ṣíwájú wọn. Àwọn àgbà iṣẹ́ nìyẹn. Kí ni yóò wá gba ọmọ tó ń fi owó ilé tàbí owó àjọ ta á ní òru lórí fóònù, tí kò mọ̀ bóyá ènìyàn ló jókòó níwájú òun tàbí ẹ̀rọ? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé àṣẹ ìjọba tan ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005, ó sì dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni agbára láti ṣe òfin lórí rẹ̀. Ẹjọ́ ẹni tí yóò ṣe òfin nìyẹn. Kò sọ haraamu di halaali.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín ní ibi tí owó ti wá kí ẹ tó ṣàdúrà lé e lórí. Bí ọmọ bá sanwó ilé tí a kò bi í léèrè, a ti bá a ta á nìyẹn. Ẹ má sì lé e jáde. Ẹ pè é sún mọ́ra, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn tuba ṣí sílẹ̀. Ẹ jáwọ́ lónìí. Ẹ má sọ pé ẹ ó kàn ta ẹyọ kan sí i láti gba owó tó ti lọ padà. Okùn tó ń fa ènìyàn padà nìyẹn. Ẹ san gbèsè tó wà lọ́rùn yín. Owó tó bá ṣẹ́kù nínú èrè rẹ̀, bí ẹ bá mọ ẹni tó ni ín, ẹ dá a padà. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e fún àwọn aláìní, kí ẹ má sì retí láádá sàráà lórí rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá díjú, kí ó wá bá wa ní bòókẹ́lẹ́. Ọpọlọ tó lè ṣe irú ìṣirò yẹn kò yẹ kó ṣòfò. Ìṣirò owó, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀kọ́ ìṣirò fún àwọn ọmọ àdúgbò ń wá irú rẹ̀.

Ọlọ́hun, fi halaali Rẹ rọ̀ wá lọ́rùn kúrò nínú haraamu. Bùkún òwò àwọn ọlọ́jà wa. Yọ àwọn ọmọ wa nínú ìdè tẹ́tẹ́, kí O sì fún wọn ní iṣẹ́ tó mọ́. Foríjì wá, foríjì àwọn òbí wa, àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Àmín.

Ẹ dìde fún ìrun. Kí Ọlọ́hun ṣàánú fún wa.