Ta Ni À Ń Wò Nínú Àwòrán?

Mo fẹ́ràn àwòrán àtijọ́ ọkọ̀ ojú irin: irin dúdú tó ń dán, èéfín tó ga ju òrùlé ibùdókọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ha tọ́ kí ẹwà ẹ̀rọ mú wa gbàgbé ọwọ́ tó tẹ́ irin náà? Ní 1900 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Kútọnu; ó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó sì dé Pàràkú ní 1936. Iṣẹ́ àfipáṣe, tí òfin kò fagi lé títí di 1946, wà lára ohun tó gbé e ró. N kò ní kí a yọ àwòrán wọ̀nyí kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sí ọkùnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ta nìyí?” Mo ní òṣìṣẹ́ ni. Ó ní: “Mo rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń béèrè.”