Ó Súnkì: Ṣé Ó Dùn Ún?

Gbogbo wa ni a mọ patanmọ́. Bí ọmọdé bá fi ìka kàn án, ewé rẹ̀ á pa dé wéré. Kò sí ẹni tí ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, nítorí ewéko ni. Kò ní iṣan ìmọ̀lára rárá. Omi ni ó ń sá kúrò ní oríkèé ewé náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo háídírà, ẹ̀dá kékeré inú omi adágún. Kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó sì rí bí okùn tín-ín-rín tí ẹnu rẹ̀ tú. Ẹran ni, àmọ́ kò ní ọpọlọ. Àwọn iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ tàn ká gbogbo ara bí àwọ̀n apẹja. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo ara rẹ̀ á súnkì di rogodo. Bí a bá sì ń mi omi rẹ̀ léraléra, bó pẹ́ bó yá kò ní súnkì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ti mọ́ ọn lára. (Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ó ń ronú, patanmọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.)

Ǹjẹ́ ìrora ni? Lójú tèmi, sísúnkì nìkan kò lè dáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó sùn fọnfọn á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn bí eṣinṣin bá bà lé e, kò sì ní rántí.

Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá yára sọ pé, “Kò mọ nǹkan kan, ara rẹ̀ kàn ń gbọ̀n ni.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà nílẹ̀ òyìnbó wí nípa ìkókó. Títí di àwọn ọdún 1980, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ tuntun mìíràn láìfún wọn ní oògùn tó tó tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora. Ní 1987 ni Dókítà Anand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé àwọn ìkókó tí wọ́n fún ní oògùn náà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìkókó ní ọpọlọ, háídírà kò ní. N kò fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé àwa tí abẹ́rẹ́ kò gún ni a máa ń yára jẹ́rìí pé kò dùn.

Nítorí náà, bí mo bá rí ọmọ tí ń gún háídírà fún ẹ̀rín, n ó gba abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ẹni tí ń wá ìmọ̀ ṣòro díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1740, Abraham Trembley, ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá kan ní Netherlands, gé háídírà sí méjì. Kò kú, apá kọ̀ọ̀kan di odidi. Kí kíláàsì jíròrò èyí: bí ìrora bá wà níbẹ̀, ta ni ó jẹ ẹ́, ọ̀kan tí a gé ni, tàbí méjì tí ó ti inú rẹ̀ jáde?