Ohun Tí A Pè Ní Aláìwúlò

Ta ni í mọ ọjọ́ tí ìwúlò ohun kan dópin? Ní ọdún 2011, ọ̀nà àtijọ́ tí a ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ dópin ní ọ̀pọ̀ agbègbè ilẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán àtijọ́ sì di ohun àpatì. Ṣùgbọ́n Ei Wada, ọmọ ilẹ̀ náà, fi irú wọn ṣe ìlù: ó sọ ohùn di ìlà dúdú àti funfun lójú wọn, bí ó sì ti fi ọwọ́ lù wọ́n, agbára iná gba ara rẹ̀ kọjá sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó sì dún.

Ẹlòmíràn yóò wí pé eré lásán ni. Èmi kò gbà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ó parí, kì í ṣe ìwúlò. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, kí a tó wí fún àgbà tí kò lè gbé ọkọ́ mọ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tẹ́tí sí i.