Bíṣọ́ọ̀bù Láàfin Ìlọrin

Ní ọdún 1821, àwọn jagunjagun ya wọ Òṣoògùn, ìlú kan ní ìhà Ìsẹ́yìn. Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ ló pọ̀ nínú wọn, Fúlàní sì wà láàárín wọn. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n so àwọn èèyàn lókùn mọ́ra, Àjàyí sì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́jọ́ náà. Nígbà tí nǹkan bí àádọ́ta ọdún kọjá, ọmọ yìí kan náà, tó ti di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, gba ẹnubodè Ìlọrin wọlé, ó lọ jókòó níwájú Ẹ́míà Alíyù. Bí wọ́n bá ní kí n wá ibi tí a ó ti fi òṣùwọ̀n ọmọlúàbí wọn èèyàn, ìjókòó yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Láti Lókójà ló ti gbéra ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1871. Ó gba Bídà, ó gba Ìlọrin, kò sì dé Èkó títí di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú ààfin, wọ́n bi í ní ìbéèrè lórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì tó wá bá Màríà wọ̀ ọ́, ìtàn tí àwọn tó ń bi í náà ti mọ̀ nínú Àlùkùránì. Kò bá wọn jiyàn. Ìwé Mímọ́ tó ti túmọ̀ sí Yorùbá ló ṣí, ó kà á fún wọn, ó sì dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ wá o. Nígbà tó wà ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ó ti bá àwọn Mùsùlùmí fa ọ̀rọ̀, ó sì ti rí i pé àríyànjiyàn kì í bímọ. Ẹni tí o bá dójú tì níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, bóo bá ka òtítọ́ mẹ́wàá fún un, kò ní gbọ́ ọ̀kan.

Ẹni tó bá ní ẹ̀rù ló bà á kò mọ̀ ọ́n. Àjàyí fẹ́ kí wọ́n gba Jésù, kò sì fi bò. Ó tún ní ẹ̀sùn lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè já ní koro: àwọn tó ń pe orúkọ Ọlọ́run bíi tiwọn ló tà á. Kò kó ẹ̀sùn náà wọ ààfin. Àwa Ìgbómìnà mọ bí irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó, nítorí àwọn ajẹ́lẹ̀, aṣojú Ẹ́míà Ìlọrin, jẹ gàba lórí ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn àgbà ò sì gbàgbé. Ọmọlúàbí kì í ṣe ẹni tí wọn ò ṣẹ̀ rí.

Olùgbàlejò pẹ̀lú ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní 1824, Hugh Clapperton, ọmọ ogun ojú omi láti Skọ́tílándì, dé Sókótó. Muhammad Bello, ọba ibẹ̀, fún un ní àwọn ìwé kan padà, ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Denham, tó ti bọ́ sọ́wọ́ wọn nínú ogun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í: irú Kristẹni wo ni yín, ṣé ọmọ ẹ̀yìn Nestorius ni àbí ti Socinus? Clapperton fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìmọ̀ òun ò dé ibẹ̀. Mùsùlùmí ló mọ ìtàn ìjọ Kristẹni ju Kristẹni lọ, kò sì fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ràn apá yẹn.

Ìpadàbọ̀ Clapperton ní 1826 kò dùn bẹ́ẹ̀. Ó gba Àgbádárìgì àti Ọ̀yọ́-Ilé dé, pẹ̀lú ẹ̀bùn fún ọba Sókótó àti ẹ̀bùn fún El-Kanemi ti Bọ̀rnú, nígbà tí Sókótó àti Bọ̀rnú ń bá ara wọn jagun lọ́wọ́. Bello dá ẹrù Bọ̀rnú, tí ìbọn wà nínú rẹ̀, dúró. Èmi ò dá a lẹ́bi pátápátá. Àlejò tó gbé ìbọn ọ̀tá ẹni wọ ilé ẹni, ta ló kọ́ ọ? Ṣùgbọ́n wọ́n gba lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́tà sì kì í ṣe ìbọn. Ìtòsí Sókótó ni Clapperton kú sí ní oṣù kẹrin 1827. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ló ka àdúrà sí i nísà òkú.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Ní 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ìwé 10 pa ní Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ híjáábù. Àwọn ìjọ Kristẹni ló dá wọn sílẹ̀, ìjọba ló ń san owó oṣù olùkọ́, tọ̀tún-tòsì ló ní ẹjọ́ tó tó ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbà jókòó sọ wá di òkò ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Ní oṣù kejì 2022, irú ẹ̀ dé Ìjàgbó, ní Kwara kan náà, ẹ̀mí sì bọ́. Àwọn tó ju òkò ń wí pé Ọlọ́run làwọn ń gbèjà. Crowther ní ìdí ju gbogbo wọn lọ láti bínú, ìwé ló sì ṣí.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ kan láti bá Bíṣọ́ọ̀bù rò. Wọ́n tẹ ìwé kan tó kọ jáde ní 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí láàárín àwọn Mùsùlùmí àti àwọn kèfèrí. Kèfèrí yẹn, àwọn olórìṣà ni, àwọn bàbá tirẹ̀ gan-an. Sùúrù tó ní fún Ìlọrin kò dé ọ̀dọ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀. Àṣà àìka olórìṣà sí yẹn kò sì bá a kú. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí Ìsánlú-Ìsin níbí, ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún wà níbẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń bọ láti ayébáyé. Ìgbà tí Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé ìjọ CMS, fojú kàn wọ́n ní 1933 ni ìwé ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di rírí. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ère náà ní 1945, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère rí ilé gbé. Ní ti ẹni tó ń bọ wọ́n, ẹ wo ìpàdé ìlú èyíkéyìí láàárín wa: pásítọ̀ á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ààfáà á fi àdúrà parí, bó bá di ìpàdé mìíràn wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀ kí ìkankan nínú wọn má bàa bínú. Ẹnì kẹta á wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, á máa ṣe àmín sí méjèèjì.