Olùkọ́ Tó Ṣì Wà Lórí Ìlà

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24–28

Lọ́dún 2016, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger kan, Abdoulrazak Issoufou Alfaga, gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú taekwondo níbi Òlíńpíìkì ìlú Rio. Láti 1972 tí Issaka Daboré ti fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gba idẹ ní Munich, àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan kò tún bọ́ sọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Niger títí di ìgbà yẹn. Nígbà tó fi di 2017, Alfaga ti di ọ̀gá gbogbo ayé ní ìlú Muju, ní Gúúsù Kòríà.

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló wà lọ́kàn mi lónìí: akẹ́kọ̀ọ́ taekwondo tí bẹ́líìtì rẹ̀ kò tíì dúdú, tí olùkọ́, maître bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìlú Niamey ní Niger, ní kó lọ dúró ti àwọn ọmọdé. Ọmọ kan gbé ẹsẹ̀ láti ta ìpá ẹ̀gbẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Kí ló fà á? Ẹsẹ̀ tó ń ta ìpá la máa ń wò, bẹ́ẹ̀ gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ ni kò yí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó di ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣàlàyé èyí lọ́wọ́, ló bá wo ilẹ̀: tòun náà kò yí tó!

Bí Àpólò, ọmọ Alẹkisáńdíríà inú Bíbélì kíkà wa, ṣe rí ní Éfésù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ó mọ Ìwé Mímọ́, ohun tó sì ń kọ́ni nípa Jésù tọ̀nà, àmọ́ ìtẹ̀bọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Lúùkù tó kọ ìtàn náà kò bá a wí pé ó yá a jù. Ákúílà àti Pírísílà, tọkọtaya tó ń pàgọ́ jẹun, gbọ́ ibi tó kù sí. Wọn ò dójú tì í nínú sínágọ́gù (àwọn kan nínú wa ì bá ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀). Ńṣe ni wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n là á yé e. Ọ̀mọ̀wé Alẹkisáńdíríà sì jókòó síwájú àwọn apàgọ́. Ibẹ̀ ló ti gbéra lọ sí Ákáyà, ó sì wúlò gan-an fáwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀.

Kí ẹni tó ń kọ́ni ṣì jókòó gba ẹ̀kọ́, ibi tó le nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Fífún ọmọ ní bẹ́líìtì kì í ṣe tirẹ̀. Bí maître bá sì pàtẹ́wọ́, orí ìlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń padà sí, wọ́n á tún ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ṣe, lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè é ní ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ò tíì mọ Bíbélì tó, ẹ lọ kọ́ wọn níbi tẹ́ ẹ mọ̀ dé. Bí ọmọ bá béèrè ohun tó jù yín lọ, ẹ ní ẹ máa lọ wádìí. Kẹ́ ẹ sì lọ wádìí o.

Àdúrà: Olúwa, fi Ákúílà àti Pírísílà tèmi hàn mí lọ́sẹ̀ yìí, má sì jẹ́ kí n bínú nígbà tí wọ́n bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àmín.